Ìtàn Ìwádìí Ìgbì Òòfà láti Ọdún 1916 sí 2025: Ẹ̀kọ́ lórí Àyẹ̀wò fún Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ìtàn ìwádìí lórí ìgbì òòfà láti ọdún 1916, nígbà tí Albert Einstein kọ́kọ́ sọ pé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ wà, títí di ọdún 2025. Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ náà lógún ni bí àwọn onímọ̀ ṣe dé ìdí òtítọ́ lẹ́yìn tí ẹnì kan ti kéde pé òun ti rí ìgbì náà, tí àwọn mìíràn sì yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, tí wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ìjákulẹ̀ Joseph Weber àti àṣeyọrí LIGO kì í ṣe ìtàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Inú èkíní ni èkejì ti jáde. Ó tún fi hàn pé ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi olùkọ́ wọn nínú kíláàsì wà lára ohun tí ó bí ẹ̀rọ tí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àbá tí iṣẹ́ náà dá ni pé kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì má ṣe máa kọ́ni ní àbájáde ìwádìí nìkan, kí ó máa kọ́ni ní ọ̀nà tí wọ́n gbà yẹ àbájáde náà wò pẹ̀lú.

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òwe yìí bá irọ́ wí, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó yẹ kí á ṣe sí àṣìṣe. Òpùrọ́ mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa. Ẹni tí ó ṣe àṣìṣe gbà tọkàntọkàn pé òtítọ́ ni òun ń sọ, ó sì lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dúró tì í. Nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, àṣìṣe pọ̀ ju irọ́ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi gbé ìlànà àyẹ̀wò kalẹ̀: ohun tí ẹnì kan bá rí, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rọ tirẹ̀ rí i. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ náà kò tí ì di ìmọ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí à ń lò ní kíláàsì, àbájáde nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bá pàdé. Wọ́n á ní Newton sọ èyí, Einstein sọ tọ̀hún, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ́ ọ sórí. Kò ní mọ̀ pé wọ́n jiyàn lé ọ̀rọ̀ náà lórí, pé àwọn kan ṣì í, tàbí pé ó gba ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìtàn ìgbì òòfà jẹ́ àpẹẹrẹ kan tí ó lè tún èyí ṣe, nítorí pé gbogbo ìpele iyèméjì, àṣìṣe, àyẹ̀wò àti ẹ̀rí ni ó hàn kedere nínú rẹ̀.

Kí ni Ìgbì Òòfà?

Òòfà ni agbára tí ó ń fa ohun kan sọ́dọ̀ èkejì. Òun ni ó ń mú kí mángòrò tí ó já lórí igi bọ́ sílẹ̀, òun náà ni kò jẹ́ kí ayé sá kúrò lẹ́bàá oòrùn. Isaac Newton gbé òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 1687. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1915, Einstein fún un ní ìtumọ̀ tuntun. Ó ní ohun tí ó bá wúwo máa ń tẹ àyè àti àkókò tí ó yí i ká, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sórí fóòmù ṣe ń mú kí fóòmù náà jin wọnú. Ohun mìíràn tí ó bá ń kọjá nítòsí yóò máa yí gba ibi tí ó jin náà. Ìyẹn ni à ń pè ní òòfà.

Ní ọdún 1916, Einstein rí i nínú ìṣirò rẹ̀ pé bí àwọn ohun wíwúwo bá ń yí ara wọn ká, àyè gan-an yóò máa mì, ìmìjìnnìjìnnì náà yóò sì máa tàn lọ gẹ́gẹ́ bí ìgbì ṣe ń tàn lójú odò tí wọ́n ju òkúta sí. Bí ìgbì yìí bá ń kọjá, yóò na àyè ní apá kan, yóò sì sún un kì ní apá kejì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìnà àti ìsúnkì náà kéré ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè rò lọ. Einstein pàápàá kò rò pé ó lè ní ipa kankan tí ènìyàn lè rí.

Iyèméjì Einstein Fúnra Rẹ̀

Àṣìṣe kan wà nínú ìṣirò ọdún 1916, Einstein sì tún un ṣe ní ọdún 1918. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò fi í lọ́kàn balẹ̀. Ní ọdún 1936, nígbà tí ó ti kó lọ sí Amẹ́ríkà, òun àti Nathan Rosen kọ iṣẹ́ kan tí ó sọ pé ìgbì òòfà kò sí rárá. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí jọ́nà Physical Review. Olóòtú jọ́nà náà, John Tate, fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí onímọ̀ mìíràn kí ó bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Onímọ̀ ọ̀hún rí àṣìṣe nínú rẹ̀, ó sì to àlàyé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Inú bí Einstein. Ó kọ̀wé pé òun kò fún wọn láṣẹ láti fi iṣẹ́ òun han ẹlòmíràn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì gba iṣẹ́ náà padà.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ó hàn gbangba pé Howard Percy Robertson ni olùyẹ̀wò náà. Robertson kò bá Einstein jà. Ó ṣàlàyé àṣìṣe náà fún Leopold Infeld tí ó ń bá Einstein ṣiṣẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde nínú jọ́nà mìíràn ní ọdún 1937, ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yí padà: kò sọ mọ́ pé ìgbì náà kò sí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òkìkí Einstein kò sọ ìṣirò tí kò tọ̀nà di èyí tí ó tọ̀nà.

Iyèméjì náà ń bá a lọ títí di oṣù kìíní ọdún 1957, nígbà tí àwọn onímọ̀ pàdé ní Chapel Hill ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Ibẹ̀ ni Richard Feynman ti gbé àpèjúwe kan kalẹ̀ tí ó yé tọmọdé tàgbà. Kí a rò ó pé wọ́n ki ìlẹ̀kẹ̀ sára ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ìlẹ̀kẹ̀ náà sì fún ọ̀pá díẹ̀. Bí ìgbì òòfà bá ń kọjá, ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò máa lọ síwá sẹ́yìn, yóò sì máa ha ọ̀pá. Ibi tí wọ́n ti ń ha ara wọn yóò gbóná, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ méjì ṣe ń gbóná bí a bá fi wọ́n ra ara wọn nígbà ọyẹ́. Ooru kì í ṣàdédé wá. Agbára ni ó ń mú un wá. Nítorí náà, ìgbì òòfà ń gbé agbára, ohun tí ó bá sì ń gbé agbára, ẹ̀rọ lè mú un.

Joseph Weber àti Ọ̀pá Alumíníọ̀mù

Joseph Weber, olùkọ́ ní Yunifásítì Maryland, wà ní ìpàdé Chapel Hill náà. Ó padà sílé pẹ̀lú ìpinnu pé òun yóò ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì dán wò rí. Ó ṣe ọ̀pá alumíníọ̀mù rìbìtì ńláńlá, ó so ó rọ̀ kí ilẹ̀ tí ó ń mì má baà dà á láàmú, ó sì lẹ àwọn ohun èlò mọ́ ọn lára tí wọ́n lè mọ̀ bí ọ̀pá náà bá gbọ̀n. Èrò rẹ̀ ni pé ìgbì òòfà yóò lu ọ̀pá náà bí ẹni lu agogo. Ó gbé ọ̀kan sí Maryland, ó gbé òmíràn sí ẹ̀bá Chicago, nǹkan bí 1,000 kìlómítà sí ara wọn. Bí àwọn méjèèjì bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ọkọ̀ tí ó ń kọjá tàbí ìlẹ̀kùn tí ẹnì kan tì ni ó fà á.

Ní ọdún 1969, Weber kéde pé àwọn ọ̀pá òun ti gbọ̀n pọ̀. Ìròyìn náà gbòde kan, Weber sì di olókìkí. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Rọ́ṣíà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀pá tiwọn. Wọ́n dúró, wọ́n dúró, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn tí ó mọ ìṣirò tún sọ pé bí ìgbì tí Weber ń gbọ́ bá lágbára tó bí ó ṣe wí, àgbájọ ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀ ìbá ti jóná tán tipẹ́tipẹ́.

Ohun tí ó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ jù ni ti aago. Weber fi àkọsílẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ wé ti àwọn onímọ̀ kan ní Rochester, ó sì sọ pé òun rí àwọn ibi tí méjèèjì ti gbọ̀n pọ̀. Nígbà tí ó yá ni àṣírí tú pé aago tí wọ́n lò kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀kan ń tẹ̀ lé aago Greenwich, èkejì ń tẹ̀ lé ti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi ju wákàtí mẹ́rin lọ yàtọ̀ síra. Èyí já sí pé Weber ti rí ìbáramu níbi tí kò ti yẹ kí ìbáramu kankan wà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó ń wá ohun kan tokuntokun, ó sì ń rí i níbikíbi tí ó bá wò. Kí ọdún 1980 tó dé, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kò gba ìkéde rẹ̀ gbọ́ mọ́. Òun kò gbà fún wọn. Ó ń tọ́jú àwọn ọ̀pá rẹ̀ títí tí ó fi kú ní ọdún 2000.

Ìbéèrè Inú Kíláàsì

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ Weber ń jà ràn-ìn ni Rainer Weiss ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT nípa tíọ́rì Einstein. Jámánì ni wọ́n ti bí Weiss ní ọdún 1932, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ gbé e sá kúrò níbẹ̀ nítorí ìjọba Hitler. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi í léèrè nípa iṣẹ́ Weber. Weiss rò ó títí, kò rí bí òun yóò ṣe ṣàlàyé ọ̀pá Weber kí ó yé wọn, nítorí pé kò yé òun alára. Kò fi ọ̀rọ̀ ńláńlá bo àìmọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ronú ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti gbà wọn ìgbì òòfà, ó sì fún wọn ní iṣẹ́ ṣe lórí rẹ̀.

Ọ̀nà náà nìyí. Kí wọ́n pín ìtànṣán lésà kan sí méjì. Kí ọ̀kan gba ọ̀nà kan lọ, kí èkejì gba ọ̀nà tí ó yà kúrò lára ti àkọ́kọ́ bí lẹ́tà L. Jígí tí ó wà ní òpin ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò dá ìtànṣán padà. Wọ́n lè ṣètò rẹ̀ kí ìtànṣán méjèèjì pa ara wọn rẹ́ níbi tí wọ́n bá ti pàdé, tí òkùnkùn yóò fi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgbì òòfà bá na ọ̀nà kan, tí ó sún èkejì kì, ìmọ́lẹ̀ yóò yọ. Àwọn onímọ̀ méjì ní Rọ́ṣíà, Gertsenshtein àti Pustovoit, ti sọ irú rẹ̀ ní ọdún 1962. Weiss ní tirẹ̀ kò dúró lórí àbá nìkan. Ní ọdún 1972, ó kọ ìròyìn kan tí ó ka gbogbo ohun tí ó lè da ẹ̀rọ náà láàmú lẹ́sẹẹsẹ, láti orí ilẹ̀ tí ó ń mì títí dé orí ooru, ó sì ṣírò bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀rí láti Ọ̀dọ̀ Ìràwọ̀ Méjì

Kí ẹ̀rọ Weiss tó di ohun gidi, ẹ̀rí ti wá láti ibòmíràn. Ní ọdún 1974, Russell Hulse, akẹ́kọ̀ọ́, àti olùkọ́ rẹ̀, Joseph Taylor, lo awò ńlá Arecibo ní Puerto Rico láti rí ìràwọ̀ kan tí ìró rédíò rẹ̀ ń dé ayé ní nǹkan bí ìgbà 17 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìràwọ̀ nutíróònù ni, ìyẹn òkú ìràwọ̀ tí ó wúwo ju oòrùn lọ ṣùgbọ́n tí kò fẹ̀ ju ìlú kan lọ. Òun àti ìràwọ̀ mìíràn jọ ń yí ara wọn ká láàárín wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 45.

Bí tíọ́rì Einstein bá tọ̀nà, ìgbì òòfà yóò máa gbé agbára kúrò lára àwọn ìràwọ̀ méjèèjì, wọn yóò sì máa súnmọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀. Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí wọ́n rí bá ìṣirò Einstein mu. Hulse àti Taylor gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1993. Iyèméjì tán pé ìgbì náà wà. Ohun tí ó kù ni kí ẹ̀rọ kan mú un lórí ilẹ̀ ayé.

Kíkọ́ LIGO àti Àpò Ìwé Ọdún 2011

Weiss, Kip Thorne àti Ronald Drever ni wọ́n jọ fi ìpìlẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní LIGO lélẹ̀. Ó yẹ ní àkíyèsí pé Drever wà lára àwọn tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tiwọn yẹ iṣẹ́ Weber wò ní Glasgow tí wọn kò sì rí nǹkan kan. Àwọn awòràwọ̀ kan tako ètò náà. Wọ́n ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, àti pé kò sí ìdánilójú pé yóò rí ohunkóhun. Síbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, Barry Barish sì di alákòóso rẹ̀ ní ọdún 1994. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ méjì, ọ̀kan ní Hanford ní ìpínlẹ̀ Washington, èkejì ní Livingston ní Louisiana, ó sì tó nǹkan bí 3,000 kìlómítà láàárín wọn. Apá kọ̀ọ̀kan lẹ́tà L náà gùn ní kìlómítà mẹ́rin. Àyípadà tí ẹ̀rọ náà ń wá kò tó ìdá kan nínú 10,000 ìbú pírótọ́ọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ inú átọ́ọ̀mù ni pírótọ́ọ̀nù wà. Láti ọdún 2002 sí 2010, ẹ̀rọ náà gbọ́ ariwo ọkọ̀ ojú irin, ìgbì òkun àti igi tí wọ́n ń gé nínú igbó, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìgbì òòfà kankan.

Ìtìjú ọ̀rọ̀ Weber kò tí ì kúrò lọ́kàn àwọn onímọ̀ wọ̀nyí. Nítorí náà wọ́n fún àwọn díẹ̀ láàárín wọn láṣẹ láti ti àmì èké bọ inú ẹ̀rọ náà ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn tó kù yóò rí i, tí wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, àmì kan wọlé tí ó dára gan-an. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún onímọ̀ fi oṣù mẹ́fà ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ iṣẹ́ tí wọn yóò tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ parí. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, wọ́n ṣí àpò ìwé tí òtítọ́ wà nínú rẹ̀ lójú gbogbo wọn: àmì èké ni. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé oṣù mẹ́fà náà ṣòfò. Wọ́n ti mọ̀ pé bí ojúlówó bá dé, ojú wọn yóò tó o.

Pé irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì tún hàn ní ọdún 2014. Àwọn onímọ̀ mìíràn tí wọ́n ń lo awò BICEP2 ní ìhà gúúsù ayé kéde ní oṣù kẹta pé àwọn rí ipa ìgbì òòfà tí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé. Kí ọdún 2015 tó lọ jìnnà, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ní sátẹ́láìtì Planck ti fi hàn pé eruku tí ó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ lè fa ohun tí wọ́n rí.

Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 2015

Wọ́n tún ẹ̀rọ LIGO ṣe kí ó lè túbọ̀ gbọ́ràn. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2015, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àmì kan wọ Livingston. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdá méje nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, irú rẹ̀ gan-an wọ Hanford. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Marco Drago, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Hannover ní Jámánì, ni ó kọ́kọ́ rí i lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ẹnì kan ni ó ti àmì èké bọ̀ ọ́. Wọ́n wádìí, kò sí ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ wọn kò sáré kéde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù márùn-ún tí wọ́n fi yẹ ẹ̀rọ wò, tí wọ́n yẹ ìṣirò wò, tí wọ́n sì ro ó bóyá ọ̀tá kan ni ó dọ́gbọ́n ṣe é. Ọjọ́ 11, oṣù kejì, ọdún 2016 ni wọ́n tó sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ihò dúdú méjì ni ó kọlu ara wọn ní nǹkan bí bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 300 ọdún sẹ́yìn. Ihò dúdú ni ibi tí òòfà ti le dé bi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde níbẹ̀. Ìwọ̀n ọ̀kan tó oòrùn 36, èkejì tó oòrùn 29. Èyí tí wọ́n para pọ̀ dà tó oòrùn 62. Ìwọ̀n oòrùn mẹ́ta tí ó dín ni ó di agbára ìgbì náà. Opó Weber, Virginia Trimble, tí òun náà jẹ́ awòràwọ̀, wà ní ìjókòó lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá ọkọ rẹ̀ sì wà ní Hanford níbi tí àwọn àlejò ti lè rí i.

Weiss, Barish àti Thorne gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017. Drever ti kú ní oṣù kẹta ọdún náà.

Láti Ọdún 2017 Wá

Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, ọdún 2017, LIGO àti Virgo, ẹ̀rọ irú rẹ̀ tí ó wà nítòsí Pisa ní Ítálì, gbọ́ ìgbì láti ara ìràwọ̀ nutíróònù méjì tí wọ́n kọlu ara wọn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì lẹ́yìn rẹ̀, sátẹ́láìtì Fermi rí ìtànṣán gámà láti apá ibẹ̀. Kó tó di pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ti fi awò rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè Ṣílè. Awò tí ó tó nǹkan bí 70 ni ó wò ó, lára wọn sì ni awò SALT ní Gúúsù Áfíríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó ń dá wúrà sáyé. Àyẹ̀wò ti kúrò ní ti ẹ̀rọ méjì tí ó jọra. Ìgbì àti ìmọ́lẹ̀ ti ń jẹ́rìí fún ara wọn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, Yúróòpù, Íńdíà, Ọsirélíà àti Ṣáínà tí wọ́n ń ṣọ́ ìró àwọn ìràwọ̀ nutíróònù jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti sọ pé àwọn rí ẹ̀rí ìgbì tí ó máa ń pẹ́ lọ́pọ̀ ọdún kí ọ̀kan tó kọjá tán. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, LIGO gbọ́ ìgbì kan tí ó hàn kedere gan-an. Òun ni wọ́n fi yẹ ọ̀rọ̀ tí Stephen Hawking sọ ní ọdún 1971 wò, pé ojú ihò dúdú kì í kéré sí i bí méjì bá para pọ̀. Àyẹ̀wò náà gbe Hawking. Weiss fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2025.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí ó wá nǹkan tí kò rí i ti ṣe iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n ṣe ọ̀pá bíi ti Weber tí wọn kò gbọ́ nǹkan kan ni wọ́n gba ìmọ̀ lọ́wọ́ àṣìṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe àyẹ̀wò ní yàrá ìwádìí, tí èsì rẹ̀ kò bá ti inú ìwé mu, kò yẹ kí ó yí i padà kí ó lè gba máàkì. Olùkọ́ tí ó bá ń fún irú àyídà bẹ́ẹ̀ ní máàkì ń kọ́ ọmọ láti rí ohun tí kò sí.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé àyẹ̀wò kì í ṣe àrífín. Bí Robertson bá bo àṣìṣe Einstein mọ́lẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, Einstein gan-an ni ìbá tẹ́. Àṣà Yorùbá mú ọ̀wọ̀ fún àgbà ní pàtàkì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí Robertson gbà fi àlàyé ránṣẹ́ láìpariwo fi hàn pé ọ̀wọ̀ àti òtítọ́ lè jọ gbé inú ilé kan náà.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni pé olùkọ́ tí ó bá jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ kan kò tí ì yé òun kò pàdánù iyì. Àìmọ̀ tí Weiss kò fi pamọ́ ni ó sọ di iṣẹ́ àṣetiléwá, iṣẹ́ àṣetiléwá náà ni ó sì di LIGO.

A lè fi gbogbo èyí kọ́ni láìsí ohun èlò olówó iyebíye. Kí olùkọ́ pín kíláàsì sí ọ̀nà méjì, kí ó ní kí ìpín kọ̀ọ̀kan wọn gígùn yàrá láìjẹ́ kí èkejì mọ ohun tí wọ́n rí. Kí wọ́n kọ èsì wọn sínú ìwé, kí wọ́n sì ṣí i papọ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Bí èsì méjèèjì kò bá dọ́gba, kí wọ́n wá ìdí rẹ̀: ṣé okùn ni ó fà, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ni kò bára mu, bí aago Weber àti ti Rochester? Èdè Yorùbá tó láti fi bi gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó wà láàárín ìṣirò Einstein àti ìkéde ọdún 2016 kì í ṣe ọ̀nà tí ó lọ tààrà. Einstein ṣiyèméjì, Weber ṣìnà, àwọn kan tako LIGO, àwọn onímọ̀ LIGO sì fi ọwọ́ ara wọn dẹ pàkúté fún ara wọn. Weber kò gbọ́ ìgbì òòfà, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ gbà pé ẹ̀rọ lè gbọ́ ọ, àṣìṣe rẹ̀ ni ó sì kọ́ àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ní bí wọn yóò ṣe ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní àbájáde láìkọ́ ọ ní àyẹ̀wò, ìdajì sáyẹ́ǹsì péré ni ó fi lé e lọ́wọ́.